TA NI Ó NI ÌṢẸ́GUN OGUN ÒṢOGBO?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé ìròyìn wa yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ọ̀rọ̀ ogun tí ó jà ní Òṣogbo ní ọdún 1840 ni, nígbà tí Ìbàdàn àti Ìlọrin pàdé lẹ́yìn odi ìlú wa.

Ọ̀nà mẹ́ta ni mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń gbà sọ ìtàn ogun yìí. Ọ̀pọ̀ nínú àwa Onígbàgbọ́ máa ń sọ pé ogun náà ni Ọlọ́run fi dá àwọn Mùsùlùmí padà kí ìhìnrere lè rí àyè wọlé. Àwọn olùbọ Ọ̀ṣun ní Ọ̀ṣun ni ó jà á: wọ́n ní ó pa ara dà di obìnrin olóúnjẹ, ó ta ẹ̀fọ́ yánrin fún àwọn ọmọ ogun Fúlàní, inú sì ń ṣu wọ́n títí wọn kò fi lágbára láti jà. Àwọn aládùúgbò wa Mùsùlùmí ní tiwọn a máa sọ pé ogun Ìlọrin ni, kì í ṣe ogun Ìsìláàmù. Ìbéèrè mi ni èyí: ta ni ó ni ìṣẹ́gun náà? Ǹjẹ́ ó tọ́ kí ẹlẹ́sìn kan gbé ọwọ́ lé ogun tí a ti jà, kí ó ní Ọlọ́run òun ni ó jà á fún òun?

Ẹlòmíràn lè sọ pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, kí a fi í sílẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ wo agboolé yín. Agboolé mélòó ni ó wà ní ìlú yìí tí kò ní Àlàájì àti Bàbá Ìjọ lábẹ́ òrùlé kan náà? Nígbà tí ọmọ ọdún mẹ́wàá bá dúró lójúde tí ó ní, “Àwa ni a lé yín padà ní 1840,” ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni ó ń bá wí. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àwa ìyá ni a sì ń fi ọ̀rọ̀ sí ọmọ lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tí ó jókòó sí Ìlọrin, dìtẹ̀ sí Aláàfin. Ó gba àlùfáà Fúlàní kan tí à ń pè ní Àlímì mọ́ra kí ó máa fi àdúrà ràn án lọ́wọ́, ó sì kó àwọn ẹrú Haúsá àti àwọn Mùsùlùmí sínú ọmọ ogun rẹ̀. Àwọn tí ó gbà sílé náà ni ó pa á ní nǹkan bí ọdún 1824. Ọmọ Àlímì, Àbùdùsàlámì, di ẹ́míà, Ìlọrin sì bọ́ sí abẹ́ ìjọba Sókótó. Láàrin ọdún 1830 sí 1840, Ọ̀yọ́ Ilé tú. Àwọn ènìyàn fi ilé àti oko sílẹ̀, wọ́n gbé ọmọ pọ̀n, wọ́n sá wá sí ìhà gúúsù. Ìbàdàn, tí àwọn jagunjagun tẹ̀dó sí ní nǹkan bí ọdún 1829, di ìlú alágbára.

Ní 1840, ogun Ìlọrin dó ti Òṣogbo. Òṣogbo ránṣẹ́ sí Ìbàdàn fún ìrànlọ́wọ́. Àwọn tí ó kọ́kọ́ wá kò tó, nítorí náà Balógun Odẹ́rìnlọ kó ogun ńlá tẹ̀lé wọn. Àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn mọ̀ pé àwọn kò lè ko ẹṣin Ìlọrin lójú ní gbangba lọ́sàn-án, wọ́n sì kọlu ibùdó wọn lóru. Ìlọrin sá. Láti ìgbà náà, àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin kò tún lè sọ̀kalẹ̀ wá sí gúúsù bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, sọ pé ogun yìí ni kò jẹ́ kí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá di ti Fúlàní. Òtítọ́ ni ó sọ. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ojú kékeré wo àwọn tí ó kú kí ìlú wa má baà tú.

Ṣùgbọ́n ta ni àwọn tí ó jà? Ní 1840 kò sí ìjọ Onígbàgbọ́ kan ṣoṣo ní Òṣogbo. Kò sí ní Ìbàdàn, kò sí ní Iléṣà. Thomas Birch Freeman, òjíṣẹ́ Mẹ́tọ́díìsì tí gbogbo wa mọ orúkọ rẹ̀, kò gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 1842. Ní ibùdó Odẹ́rìnlọ, kò sí ẹni tí ó gbé Bíbélì lọ́wọ́. Àwọn tí ó ń bọ Ògún àti Ṣàngó, àwọn tí ó ń dá Ifá, ni ó pọ̀ níbẹ̀, àwọn Mùsùlùmí sì wà láàrin wọn pẹ̀lú. Bí àwa bá wá ń sọ pé àwa ni a jà, a dà bí ọmọ tí a bí lẹ́yìn tí a kọ́lé tán, tí ó ń sọ fún àlejò pé òun wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń po amọ̀.

Ẹ yí ojú sí ìhà kejì. Yorùbá pọ̀ nínú ogun Ìlọrin, wọ́n sì ní Balógun tiwọn. Àwọn Mùsùlùmí Ìlọrin pàápàá kò ṣe ọ̀kan: Ṣọlágbérú, olórí àwọn Mùsùlùmí Yorùbá níbẹ̀, ọwọ́ àwọn Mùsùlùmí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó kú sí. Johnson sọ nípa àwọn ìjòyè Ìlọrin tí a mú lójú ogun Òṣogbo pé àwọn Ìbàdàn tú ọmọ ọ̀gágun Ìlọrin àti ẹrú àgbà ẹ́míà sílẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé, ṣùgbọ́n wọ́n kó àwọn ìjòyè Yorùbá tí ó wà pẹ̀lú wọn lọ sí Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí ọ̀dàlẹ̀. Ẹ rò ó wò. Bí ó bá jẹ́ pé nítorí ẹ̀sìn ni wọ́n ṣe jà, ṣé bí wọn yóò ti ṣe ìdájọ́ nìyẹn? Ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n rí lára àwọn tí wọ́n dá lẹ́bi ni pé wọ́n ta ìlú wọn. Wọn kò bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti ń kírun.

Ìbéèrè tí ó le jù kò tíì dé. Àwọn tí ó ní ogun Ọlọ́run ni ogun Ìbàdàn ní 1840, kí ni wọn yóò sọ nípa 1870? Ní oṣù kẹfà ọdún náà, ogun Ìbàdàn kan náà fọ́ Iléṣà. Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀ṣà tí ẹ ń ka ìwé yìí, ìtàn tí wọ́n sọ ní ilé yín yé yín. Ọmọ ogun tí ó gba Òṣogbo là ni ó kó àwọn ìyá ńlá yín lẹ́rú. Àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn sì jókòó sí ìlú Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, wọ́n ń gba ohun tí kì í ṣe tiwọn, títí ara fi ta àwọn ènìyàn. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdún 1878, ogun Jálumi jà ní Ìkìrun. Ta ni ó dojú kọ Ìbàdàn níbẹ̀? Ìjẹ̀ṣà ni, Èkìtì ni, Ìlá ni, Ìlọrin sì ni. Bẹ́ẹ̀ ni o, Ìlọrin tí a ní Ọlọ́run dá padà ní 1840 ni ó dúró pẹ̀lú àwọn Ìjẹ̀ṣà lójú ogun kan náà. Nígbà tí Ìbàdàn ṣẹ́gun, àwọn tí ó ń sá já lu omi Ọ̀tìn, ibẹ̀ ni ogun náà ti gba orúkọ rẹ̀. Nínú ogun Kírìjì tí ó tẹ̀lé e, Ààrẹ Látòósà tí ó jẹ́ olórí ogun Ìbàdàn, Mùsùlùmí ni. Bí ìṣẹ́gun bá jẹ́ ẹ̀rí pé Ọlọ́run wà lẹ́yìn ẹni, a ó ní kí Ọlọ́run wà lẹ́yìn Ìbàdàn láti gba Òṣogbo là, kí ó tún wà lẹ́yìn rẹ̀ láti sun Iléṣà níná. Èmi kò lè gbàdúrà sí irú Ọlọ́run bẹ́ẹ̀, mo sì mọ̀ pé ẹ̀yin náà kò lè ṣe é.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni a ti bá irú ọ̀ràn yìí pàdé. Ní 1095 Póòpù Urban kejì pe àwọn Onígbàgbọ́ Yúróòpù kí wọ́n lọ gba Jerúsálẹ́mù lọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí. Ní 1099 wọ́n gbà á, wọ́n sì pa àwọn Mùsùlùmí àti àwọn Júù tí ó wà nínú ìlú náà nípakúpa, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ní 1187 Saladin ṣẹ́gun àwọn Onígbàgbọ́ ní Hattin, ó gba Jerúsálẹ́mù padà. Àwọn tirẹ̀ náà dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ní 1204, àwọn jagunjagun tí ó gbé àgbélébùú sí aṣọ ya lọ sí Constantinople, olú ìlú àwọn Onígbàgbọ́ ẹlẹgbẹ́ wọn, wọ́n sì kó o. Ní Sípéènì, Rodrigo Díaz tí wọ́n ń pè ní El Cid, tí a ń ròyìn gẹ́gẹ́ bí akọni Onígbàgbọ́, lo ọdún mélòó kan lẹ́yìn 1081 lẹ́nu iṣẹ́ ogun fún ọba Mùsùlùmí ìlú Zaragoza. Níbi tí a bá ti ní ogun ẹ̀sìn ni, bí a bá tú u wò, a ó rí ilẹ̀, a ó rí ìjọba, a ó rí ìkógun, a ó rí ẹ̀san nínú rẹ̀.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn yóò fi dá mi lóhùn. Yóò ní, “Ìyá Tíṣà, ṣé o fẹ́ sọ pé ẹ̀sìn kò sí nínú rẹ̀ rárá? Ṣé Ìlọrin kò pè é ní jíháàdì? Bí wọ́n bá ti borí ní Òṣogbo ńkọ́?” Ìbéèrè gidi ni, kò sì yẹ kí n sá fún un. Ẹ̀sìn wà nínú rẹ̀. Àwọn kan nínú ogun Ìlọrin gbàgbọ́ tọkàntọkàn pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni àwọn ń ṣe. Bí wọ́n bá sì ti borí, ìjọba ìlú wa ìbá yàtọ̀ gidigidi. Ọba wa ìbá máa wo ojú Ìlọrin kí ó tó sọ̀rọ̀. Nítorí náà, mo gbà pé ó yẹ kí a dúpẹ́ pé ìlú náà kò fọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Ìsìláàmù lẹ́yìn ìṣẹ́gun náà. Ṣé ó dúró? Kò dúró. Kò pẹ́ lẹ́yìn 1840 tí Ẹdẹ ní ọba Mùsùlùmí, Tìmì Àbíbù Làgúnjú, láìsí pé ogun Ìlọrin kó Ẹdẹ. Ìsìláàmù gbilẹ̀ ní Ìwó, ní Ìbàdàn, ní Òṣogbo wa yìí, nípa òwò, nípa ìgbéyàwó, nípa àwọn àlùfáà tí ó ń kọ́ ọmọ ní kéwú lábẹ́ igi. Báyìí náà ni ìhìnrere ṣe wọlé: àwọn tí a ti kó lẹ́rú tí wọ́n sì ti Sàró padà wálé ni ó ké sí àwọn òjíṣẹ́ pé kí wọ́n wá. Kò sí ẹṣin kankan níbẹ̀. Ẹ̀sìn kì í gun ẹṣin. Ohun tí idà gbà, ilẹ̀ ni; ọkàn ènìyàn kì í wà lára ìkógun.

Nínú ìwé Jóṣúà, ẹ rántí pé kí wọ́n tó kọlu Jẹ́ríkò, Jóṣúà rí ọkùnrin kan tí ó fa idà yọ. Ó bi í léèrè bóyá tiwọn ni ó ń ṣe tàbí ti àwọn ọ̀tá wọn. Ọkùnrin náà kò mú èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ó ní òun wá gẹ́gẹ́ bí olórí ogun Olúwa. Jóṣúà kò bá a jiyàn. Ó dojú bolẹ̀, ó sì bọ́ bàtà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún Jóṣúà, tí a ti ṣèlérí ilẹ̀ náà fún, ta ni àwa tí a ó máa pín Olúwa sí ibùdó kan bí ẹni pín ọmọ ogun?

Ìyàtọ̀ wà láàrin ọpẹ́ àti ìyangàn, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí a fi ọkàn sí. Ẹni tí ó bọ́ lọ́wọ́ ikú, tí ó ní “Olúwa, mo dúpẹ́,” kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Ẹni tí ó ní “Olúwa, mo dúpẹ́ tí o kórìíra àwọn wọ̀nyẹn,” ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀. Ọpẹ́ ń wo Ọlọ́run. Ìyangàn ń wo ọ̀tá. Mo tún fẹ́ kí a rántí òfin kẹsàn-án, èyí tí ó kọ̀ fún wa láti jẹ́rìí èké sí ọmọnìkejì. A máa ń rò pé ilé ẹjọ́ nìkan ni òfin yẹn wà fún. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ fún ọmọ ọmọ mi pé àwọn Mùsùlùmí gbógun ti àwọn Onígbàgbọ́ ní Òṣogbo ní 1840, nígbà tí kò sí Onígbàgbọ́ kan níbẹ̀, mo ti jẹ́rìí èké. Mo jẹ́ ẹ sí òkú tí kò lè dá mi lóhùn, mo sì jẹ́ ẹ sí aládùúgbò tí mo ń bá gba iná.

Ní ti àwọn olùbọ Ọ̀ṣun, èmi kì í bọ Ọ̀ṣun, n kò sì ní bọ ọ́. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a fi ìtàn ẹ̀fọ́ yánrin wọn ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ohun tí a ń wí fún wọn pé wọ́n ṣe náà ni àwa ń ṣe: ìlú bọ́ lọ́wọ́ ewu, a sì ní ẹni tí à ń sìn ni ó gbà á. Bí a bá fẹ́ kí wọ́n fi ọ̀wọ̀ gbọ́ ẹ̀rí wa, ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀wọ̀ gbọ́ tiwọn, kí a sì di tiwa mú.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ tí a fi ń sin Ọlọ́run. Samuel Àjàyí Crowther, tí ó ṣe aáyan ìtumọ̀ Bíbélì sí èdè wa, ọmọ Òṣoògùn ni. Ní 1821 ogun kó o, àwọn Fúlàní àti àwọn Mùsùlùmí Ọ̀yọ́ sì wà nínú ogun náà. Wọ́n tà á lẹ́rú. Bí ó bá kórìíra ohun gbogbo tí ó jẹ mọ́ Mùsùlùmí, ta ni yóò bá a wí? Síbẹ̀, nígbà tí Onígbàgbọ́ Yorùbá ń wá ọ̀rọ̀ fún ìsìn, a kò sá fún èyí tí àwọn Mùsùlùmí ti ń lò kí a tó dé. Àdúrà, wàásù, àlùfáà, àlàáfíà: láti èdè Lárúbáwá ni gbogbo wọn ti wá. Ní ọjọ́ Sunday, nígbà tí ẹ bá ń kúnlẹ̀ gbàdúrà, tí àlùfáà ń wàásù, tí ó sì fi àlàáfíà tú wa ká, ohun tí a gbà lọ́wọ́ aládùúgbò wà lẹ́nu yín.

Kí ni kí a wá ṣe? Ẹ rántí oṣù kẹfà ọdún 2016. Ilé ẹjọ́ gíga ní Òṣogbo dájọ́ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin Mùsùlùmí lè lo híjáàbù ní ilé ìwé ìjọba, àwọn ọmọ Onígbàgbọ́ kan ní Ìwó sì wọ aṣọ akọrin àti aṣọ ìjọ lọ sí kíláàsì. N kò fẹ́ dá ẹjọ́ náà níhìn-ín. Ohun tí mo ń wò ni àwọn ọmọ náà. Ọmọ kò lè mú ẹ̀sìn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bí ohun ìjà àyàfi bí a bá ti kọ́ ọ nílé pé ogun ṣì ń jà. Bí a bá sì ń sọ ìtàn 1840 fún un bí ẹni pé kò tíì parí, òun yóò máa wá ibi tí yóò ti jà á.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń sọ ìtàn ogun Òṣogbo fún àwọn ọmọ, ẹ sọ gbogbo rẹ̀. Ẹ sọ ti Àfọ̀njá tí ó ṣílẹ̀kùn. Ẹ sọ ti Odẹ́rìnlọ tí ó wá lóru. Ẹ sọ pé Mùsùlùmí wà ní ìhà méjèèjì, pé Yorùbá wà ní ìhà méjèèjì. Ẹ sọ pé àwọn tí ó gba Òṣogbo là ni ó fọ́ Iléṣà. Ẹ sọ fún wọn pé Onígbàgbọ́ ti jẹ ọba ní Òṣogbo, Ọba Samuel Adénlé, láti 1944 di 1975, pé Mùsùlùmí ni Ọba Jimoh Ọlánipẹ̀kun tí ó gorí ìtẹ́ ní 2010, ìlú kò sì tú nítorí èyíkéyìí. Bí ọmọ bá béèrè pé, “Màmá, ta ni Ọlọ́run ṣe tirẹ̀?” ẹ má ṣe yára dáhùn. Ẹ bi í bóyá ó mọ orúkọ ìyá ọmọ ogun Ìlọrin tí ó kú lóru ọjọ́ náà. Kò mọ̀ ọ́n. Àwa náà kò mọ̀ ọ́n. Ọlọ́run mọ̀ ọ́n.

Ní ìpàdé wa tí ń bọ̀, mo fẹ́ kí a fi ìbéèrè yìí ṣe ìjíròrò: báwo ni ènìyàn ṣe lè dúpẹ́ fún ìgbàlà ara rẹ̀ láìyọ̀ sí ìṣubú ẹlòmíràn? Kí olúkúlùkù mú ìtàn ogun tí wọ́n sọ ní ilé tirẹ̀ wá, ará Òṣogbo, ará Iléṣà, ẹni tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìlọrin pẹ̀lú. Olúwa yóò fún wa ní ọkàn láti gbọ́ ara wa. Àmín.